Ẹ Má Ta Ẹ̀yìn Tuntun fún Ọmọ Ogun

Ọ̀rọ̀ kan ti rinlẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìntì, débi pé ẹni tó bá ta kò ó ń dà bí ọ̀tá wọn. Wọ́n ní dísìkì tó bàjẹ́, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, ló ń dun ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti wà báyìí tó ń mú dísìkì hù padà: yálà stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn, tí wọ́n fà láti inú mùdùnmúdùn eegun, tàbí èyí tí wọ́n mú lára ìwọ́ ọmọ tuntun, tàbí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí títí èyí tó lágbára nínú rẹ̀ fi ya ọ̀tọ̀. Wọ́n wá ní ahun ni ìjọba tí kò bá sanwó abẹ́rẹ́ náà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ọmọ ogun tọkàntọkàn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Mo ta kò ó. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀yìn tuntun lọ́wọ́ láti tà lónìí. Ìjọba tó bá fi owó ìlú ra ohun tí ìwádìí kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ọmọ ogun kò ṣàánú rẹ̀, ńṣe ló fà á lé oníṣòwò lọ́wọ́. Wọ́n jẹ ọmọ ogun ní gbèsè, gbèsè ńlá, mo sì máa dárúkọ rẹ̀ kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n kò sí nínú abẹ́rẹ́ yìí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà dá ètò MAVNI sílẹ̀ ní ìparí 2008 láti gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Kí wọ́n tó dá ètò náà dúró ní 2016, àwọn ọmọ wa ti gba ibẹ̀ wọṣẹ́ ogun, àwọn mìíràn sì gba ọ̀nà mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n ru ẹrù tó lè ju 60 pọ́n-ùn lọ sórí òkè Afghanistan, wọ́n bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ ogun tó ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn náà ti ń bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀ báyìí, ìpolówó abẹ́rẹ́ sì ń bá wọn lórí fóònù bí ó ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ìrora wọn kì í ṣe àròsọ, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi dá wọn lójú tì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìdáhùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún ìjọba láàrin 2010 sí 2014 wò, nǹkan bí ìdá 66 nínú 100 àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ogun rí ló ní ìrora mú àwọn láàrin oṣù mẹ́ta tó ṣáájú, nígbà tí ti àwọn tí kò ṣe é rí jẹ́ ìdá 56. Nínú mẹ́ta wọn, bí ẹnìkan ló ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ohun tí mò ń bá jà ni àlàyé tí wọ́n ń fún wọn nípa ìrora náà.

Bí àlàyé ọ̀hún ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Dókítà á ṣí àwòrán MRI, á na ìka sí dísìkì kan tó dúdú ju àwọn yòókù lọ, á ní, “Ẹ wò ó, ibi tó ń dùn yín nìyí.” Láti ọjọ́ náà, ọmọ ogun ti gbà pé nǹkan kan ti fọ́ lára òun, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ní 1994, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn àwọn ènìyàn 98 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Ìdá 52 nínú 100 wọn ni dísìkì wọn ti wú sóde, ìdá 27 ni dísìkì wọn ti yọrí jáde ju ìyẹn lọ, ìdá 36 péré ló ní dísìkì tí kò ní àléébù kankan. Ní 2015, àwọn mìíràn kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, èyí tó kan àwọn tó lé ní 3,000 tí ẹ̀yìn kò dùn. Láàrin àwọn ọmọ ogún ọdún, dísìkì ìdá 37 ti ń gbó; láàrin àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, ìdá 96. Bí irun ṣe ń funfun ni dísìkì ṣe ń gbó.

Mi ò sọ pé dísìkì kì í dunni. Ó ń dun àwọn kan, àwọn dókítà tó mọṣẹ́ sì ń ṣe wàhálà láti mọ ẹni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwòrán tí wọ́n ń nà síwájú ọmọ ogun kò lè dá a lójú pé òun ni orísun ìrora rẹ̀. Ẹni tó bá ka àwòrán náà sí ìdájọ́, tó sì to abẹ́rẹ́ lé e lórí, ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò le.

Ká tiẹ̀ gbà pé dísìkì ló jẹ̀bi. Ṣé ó lè hù padà? Nínú gbogbo ohun tó wà lára ènìyàn, dísìkì ló tóbi jù nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé inú wọn. Oúnjẹ rẹ̀ ń rọra jò wọlé láti ara eegun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ó bá sì ti ń gbó, ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ náà ń gbà wọlé á máa dí, atẹ́gùn á dín kù níbẹ̀, omi kíkan á pọ̀ sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ti mọ ìyà náà jẹ láti kékeré, ń kú. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ní kí sẹ́ẹ̀lì àlejò lọ máa gbé, kó bí sí i, kó sì tún ilé kọ́. Ẹni tó bá ní kò lè ṣeé ṣe láéláé ti kánjú. Ẹni tó bá ní ó ti ṣeé ṣe, tó sì ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí rẹ̀, ó yẹ kó fi ẹ̀rí hàn.

Ẹ̀rí tó wà ńkọ́? Iléeṣẹ́ Mesoblast ṣe ohun tó tọ́: wọ́n gbé stem cell tiwọn lọ sínú ìwádìí ńlá, wọ́n ṣẹ́ kèké pín aláìsàn 404, àwọn kan gba sẹ́ẹ̀lì sínú dísìkì, àwọn kan gba omi iyọ̀, aláìsàn kò sì mọ èyí tí òun gbà. Nígbà tí èsì jáde ní 2021, kò dé ojú òṣùwọ̀n tí àwọn fúnra wọn ti là sílẹ̀ ṣáájú, èyí tó da ìrora àti agbára láti ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n rí i pé ìrora dín kù díẹ̀ sí i ní apá kan àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ni wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn. Mo kí wọn fún ìyẹn. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún kan náà fi ẹran dísìkì tí wọ́n gbà lára òkú ṣe abẹ́rẹ́ fún àwọn aláìsàn. Lẹ́yìn ọdún kan, ara àwọn tó gbà á ti yá gan-an. Ara àwọn tó gba omi iyọ̀ náà ti yá gan-an. Ní ti abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí, ìwádìí kékeré kan tí aláìsàn 47 wà nínú rẹ̀ ní 2016 mú ìròyìn ayọ̀ wá. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe, tí èsì sì jáde ní 2022, ìròyìn ayọ̀ náà kò padà wá.

Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró lé, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí wà. Gbogbo ohun tí àwọn olùpolówó ní ni ẹ̀rí ẹnu: ọmọ ogun kan dìde nínú fídíò, ó ní òun kò lè wọ bàtà fún ọdún mẹ́ta, òun gba abẹ́rẹ́, òun ti ń sáré báyìí. Mo gbà á gbọ́. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba omi iyọ̀ lásán nínú ìwádìí yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tòótọ́ tòótọ́ ni. Ìrora ẹ̀yìn máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀kalẹ̀, ọjọ́ tó bá le jù lọ ni ènìyàn sì máa ń wá ìtọ́jú. Bí ó bá wá rọlẹ̀, ohun tó ṣe kẹ́yìn ló máa gba ìyìn. Tún fi ti ìrètí kún un, ti dókítà tó tẹ́tí sílẹ̀, ti owó ńlá tí wọ́n ti san. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké pín aláìsàn nìyẹn, tí wọ́n sì ń fún àwọn kan ní omi iyọ̀.

Ìtàn ìtọ́jú ẹ̀yìn kún fún ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi ń da símẹ́ǹtì ìṣègùn sínú eegun ẹ̀yìn tó ti wó lára àwọn àgbàlagbà, tí àwọn àgbàlagbà náà sì ń dúpẹ́. Ní 2009, ìwádìí méjì jáde nínú New England Journal of Medicine lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n tẹ́ àwọn kan sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ẹ̀yìn wọn, wọ́n ṣí símẹ́ǹtì kí òórùn rẹ̀ lè gba inú yàrá kan, ṣùgbọ́n wọn kò da nǹkan kan sí wọn lára. Ara àwọn wọ̀nyí yá bíi ti àwọn tó gba símẹ́ǹtì.

Ẹ sì jẹ́ kí n mẹ́nu kan ti ìbẹ́pẹ, nítorí kò yẹ kí Yorùbá kankan gbójú fò ó. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ìbẹ́pẹ ń mú ẹran líle rọ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń gún ohun tí wọ́n yọ láti inú oje ìbẹ́pẹ, chymopapain, sínú dísìkì tó yọ jáde tó ń tẹ iṣan. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n fi omi iyọ̀ wé e, oje ìbẹ́pẹ sì borí. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí i ní 1982. Síbẹ̀ ara àwọn kan kọ̀ ọ́ débi tí ẹ̀mí fi bọ́, àwọn díẹ̀ rọ lẹ́sẹ̀, ó sì kúrò lórí àtẹ ní 2003. Èyí tó kọjá gbogbo ìdánwò nìyẹn o, ó ṣì mú àwọn kan lọ. Stem cell tí wọ́n ń tà fún ọmọ ogun kò tíì kọjá ìdánwò kankan. FDA kò tíì fọwọ́ sí ọ̀kan ṣoṣo fún ẹ̀yìn dídùn.

Wọ́n máa ń dáhùn pé, “Ara ẹni ni wọ́n ti mú un, kí ló lè ṣe fún ọ?” Ó lè ṣe púpọ̀. Ní 2018, àwọn ènìyàn 12 ní Texas, Florida àti Arizona dèrò ilé ìwòsàn nítorí kòkòrò àrùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ṣe. Àwọn yẹn gba ti ara ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ dísìkì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 padà lọ yẹ àwọn tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún oògùn àwòrán sí dísìkì wọn ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wò. Dísìkì ìdá 35 nínú 100 ló ti gbó sí i, nígbà tí ti àwọn tí wọn kò gún jẹ́ ìdá 14. Dísìkì tó fẹ́ wò sàn ni ènìyàn ń lu ihò sí. Bí àrùn bá sì wọ ibẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, oògùn náà ò ní tètè dé ibẹ̀.

Ibi tí àwọn alátakò mi ti lágbára jù ni ìgbà tí wọ́n bá béèrè pé kí ni VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìntì, fún wọn tẹ́lẹ̀. Òótọ́ korò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó oògùn apàrora líle, irú èyí tó ń di bárakú, fún ọmọ ogun bí ẹni ń ha ẹ̀wà. Ní 2018, ìwádìí SPACE tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú VA ní Minneapolis, pẹ̀lú ọmọ ogun 240 tí ẹ̀yìn, ìbàdí tàbí orúnkún ń dùn, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, oògùn líle yẹn kò ṣiṣẹ́ ju àwọn oògùn tí kò lè di bárakú lọ, ìrora àwọn tó gbà á tiẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù díẹ̀. Àwọn mìíràn ni wọ́n là lẹ́yìn, tí wọ́n fi irin so eegun pọ̀, tí ìrora náà kò sì lọ. Ó yẹ kí ọmọ ogun bínú. Ṣùgbọ́n pé wọ́n fún ọ ní ohun burúkú lánàá kò sọ ohun tí wọ́n ń tà fún ọ lónìí di rere. Oògùn líle náà, ìlérí ló gùn wá. Àwọn tó tà á sọ nígbà náà pé ẹni tí ìrora mú kì í fi í ṣe bárakú, àwọn dókítà sì gbà á gbọ́ nítorí pé àánú ń ṣe wọ́n.

Wọ́n tún ní kí ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà yan ohun tó wù ú. Láti oṣù Keje 2025, òfin Florida ti gba dókítà láàyè láti fi stem cell tí FDA kò fọwọ́ sí tọ́jú eegun, ojú ọgbẹ́ àti ìrora, bó bá ti kéde rẹ̀ fún aláìsàn pé FDA kò fọwọ́ sí i. Àwọn tó ṣe òfin náà ní òmìnira ni. Lójú tèmi, wọ́n gbé ẹrù àwọn oníṣòwò sọ aláìsàn lórí. Ní 2016, ilé tó ń ta stem cell ní Amẹ́ríkà jẹ́ 570. Ní 2021, wọ́n ti di 2,754. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe ìwádìí kankan, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún nígbà tí wọ́n lè tà á láìṣe é? Bí wọ́n bá wá rí ọ̀nà gba Òfin MISSION ti 2018 kọjá, èyí tó jẹ́ kí VA lè sanwó ìtọ́jú níta fún ọmọ ogun tí kò rí ìtọ́jú nítòsí tàbí lásìkò, owó ìlú á máa bọ́ lé ọwọ́ wọn, ìwádìí tó lè sọ òtítọ́ fún wa kò sì ní parí láéláé. Òfin dáadáa ni Òfin MISSION. Nítorí ọmọ ogun tó ń gbé jìnnà sí ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe é.

Gbèsè tí mo ní mo máa dárúkọ nìyí. VA fúnra rẹ̀ ti ṣe ìwádìí tó fi ohun tó ń ran ẹ̀yìn ọmọ ogun lọ́wọ́ hàn, àwọn ohun náà kò sì dán bí abẹ́rẹ́. Ní 2017, ìwádìí kan jáde lórí ọmọ ogun 150 tí ẹ̀yìn ń dùn: àwọn tí wọ́n kọ́ ní yoga nínú ilé ìtọ́jú VA ń ṣiṣẹ́ ju àwọn tó ń dúró de tiwọn lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Lọ́dún kan náà, ìwádìí mìíràn lórí ọmọ ogun 125 fi hàn pé ìtọ́jú tó ń kọ́ ènìyàn bó ṣe lè borí ìrora lè gba orí fóònù dé ilé, kó má sì burú ju èyí tí wọ́n ń ṣe lójúkojú lọ. Lára ọmọ ogun 750 tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí wọ́n fi ìtọ́jú àwọn tó ń fi ọwọ́ tọ́ eegun kún ti dókítà wọn sàn ju àwọn tó gba ti dókítà nìkan. Ní Australia, níbi tí kì í ṣe ọmọ ogun ni wọ́n yẹ̀ wò, ìrìn lásán pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà mú kí ìrora ẹ̀yìn pẹ́ kó tó padà wá: ọjọ́ 208 dípò 112. Àǹfààní wọn kò tóbi lọ títí, mi ò sì ní bù ú lé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìwádìí fi í hàn, kò sì lu ihò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì rántí pé ẹ̀yìn ọmọ ogun kì í sábà dá wà. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé ọmọ ogun 340 tó ti Iraq àti Afghanistan dé wò ní VA Boston, ìdá 42 nínú 100 wọn ló ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí ìpayà ogun ń dà láàmú, tí ìpalára orí náà kò tíì lọ lára wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tí ìró tí kò tó nǹkan ń tá jí, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dùn ún sí i. Kò sí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gún sí dísìkì tó lè dé ibẹ̀.

Nítorí náà, kí VA gba àwọn olùkọ́ yoga, àwọn onímọ̀ ọpọlọ àti àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú ara sí i, kó sì ní wọn ní ìgbèríko pẹ̀lú, kí ọmọ ogun tó bá pè lọ́jọ́ Ajé rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọmọ ogun tó bá ṣì fẹ́ gba sẹ́ẹ̀lì, inú ìwádìí ni kó ti gbà á, níbi tí wọn kò ti ní gba owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì máa tọpinpin ara rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, yálà èsì rẹ̀ dùn mọ́ wọn tàbí kò dùn. Ilé ìwòsàn tó bá ní òun ní ẹ̀rí, kó gbé e tọ FDA lọ bí àwọn tó ta oje ìbẹ́pẹ ṣe gbé tiwọn lọ. Bí wọn kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, VA kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀.